Owó Ilé-Ìwé àti Ọmọ Tí Ìyà Ń Jẹ: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Ará Ògbómọ̀ṣọ́

Ọdún púpọ̀ ni mo fi ṣe tíṣà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, nínú ìgboro Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní àwọn abà ọ̀nà Ìkòyí-Ilé. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, ìgbìmọ̀ alábòójútó ilé-ìwé, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí SBMC, ni mo ń bá ṣiṣẹ́. Òbí ń bi mí ní ìbéèrè, ọ̀gá ilé-ìwé ń bi mí, àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó àti lókè òkun náà ń pè. Bí a bá tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni: owó díẹ̀ tó wọlé yìí, báwo la ṣe máa ná an kó lè dé ara ọmọ tí kò lẹ́nìkan? Mo wá kọ ìdáhùn mi sílẹ̀.

Ṣebí gbogbo ọmọ ilé-ìwé ìjọba ló nílò ìrànlọ́wọ́. Èwo ni ká tún máa ṣà wọ́n?

Òótọ́ ni pé ọmọ olówó ti kúrò lọ́dọ̀ wa tipẹ́. Ṣùgbọ́n ìyà ju ìyà lọ. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ta ata ní Tákíẹ́ lè máà ní bàtà, síbẹ̀ ìyá yẹn á bi í lálẹ́ pé, "Kí ni wọ́n kọ́ ọ lónìí?" Ọmọ tí wọ́n fi ti ìyá àgbà, tí ìyá rẹ̀ ti lọ fẹ́ ọkọ mìíràn sí ìlú mìíràn, ta ni yóò bi í? Ọmọ Fúlàní tó ń ti gáà rìn wá kò gbọ́ Yorùbá tó, a sì ń pè é ní olódo. Òmíràn ò rí ojú pátákó. Òmíràn jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀, tó ti fọ abọ́, tó ti pọnmi, kí aago tó lù.

Àwọn tí a máa ń gbàgbé jù ni àwọn tó dákẹ́. Ọmọ tó ń dààmú wa, a mọ orúkọ rẹ̀. Èyí tó jókòó sẹ́yìn tí kò sọ̀rọ̀ láti January dé July, a lè máà mọ̀ pé kò dá A mọ̀ yàtọ̀ sí D.

Níbo gan-an ni owó ilé-ìwé ti ń wá?

Òfin UBE, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, tí wọ́n ṣe ní 2004, ya ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ ìjọba orílẹ̀-èdè sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ọmọdé, títí dé JSS 3. Àjọ UBEC ní Àbújá ló ń pín in. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ìpínlẹ̀ kò lè fọwọ́ kàn án àfi tó bá kọ́kọ́ fi iye kan náà sílẹ̀ láti àpò tirẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, OYOSUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀ wa, ló ń gbà á. Lábẹ́ wọn, ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Akọ̀wé Ẹ̀kọ́ tirẹ̀: Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́, Gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́, Oríire, Sùúrùlérè, Ògo-Olúwa.

Owó Báńkì Àgbáyé náà ti wọlé rí. Ètò BESDA, tó jẹ́ mílíọ̀nù 611 dọ́là, kárí ìpínlẹ̀ 17 láti dá àwọn ọmọ tó wà nílé padà sí ilé-ìwé kí wọ́n sì mọ̀wé kà. Nínú gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, Ọ̀yọ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Kí inú wa má kàn dùn sí i. Ó wà níbẹ̀ nítorí pé ọmọ tí kò lọ sílé-ìwé pọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Bí owó ìjọba bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, ó ti di kíláàsì, àga, ìwé àti ìdálẹ́kọ̀ọ́ tíṣà. Owó tí ọ̀gá ilé-ìwé lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ná kéré gan-an. Ìdí nìyẹn tí owó PTA (ẹgbẹ́ òbí àti tíṣà), owó SBMC, ti akẹ́kọ̀ọ́jáde, ti ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí fi ṣe pàtàkì. Owó yìí nìkan ló lè gbọ́ orúkọ ọmọ kan pàtó.

Wọ́n ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni. Kí ló dé tí wọ́n fi lé ọmọ mi wálé nítorí owó?

Kò yẹ kí wọ́n lé e. Láti ọjọ́ 17 oṣù January 1955 tí ìjọba Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní ìwọ̀-oòrùn ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nílẹ̀ wa. Òfin 2004 sì là á mọ́lẹ̀: ìwé, ohun èlò ìkọ́ni, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, àga àti oúnjẹ ọ̀sán jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti JSS ìjọba. Ẹni tó bá gba owó wọn lè san ìtanràn tó tó ₦10,000 tàbí kó ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ní ti ilé-ìwé girama, ₦3,000 tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀ ní ìpínlẹ̀ wa, Gómìnà Ṣèyí Mákindé fagi lé e lọ́jọ́ tó gorí àlééfà, 29 oṣù May 2019.

Owó tí PTA bá fẹnu kò sí, ẹni tó ní ló ń san án. Ọmọ ẹni tí kò ní, kò gbọdọ̀ sùn nílé nítorí rẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n lé lọ́jọ́ Mọ́ńdè nítorí owó tí kò tó owó búrẹ́dì. Kò padà wá mọ́ títí sáà fi parí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹgbẹ́ wa l'Ékòó ti dá ₦1,500,000 jọ. A fẹ́ kọ́ géètì ńlá sí ilé-ìwé wa, ká kọ orúkọ sẹ́tì wa sí i lára. Kí lẹ rí sí i?"

Ẹni tó jáde nílùú tí kò gbàgbé ilé-ìwé tó ti kọ́ ABD, ọmọ gidi ni. Olúwa á bù sí i fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ojú mi rí.

Mo ṣiṣẹ́ rí ní ilé-ìwé kan tí wọ́n kọ́ irú géètì bẹ́ẹ̀ sí. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, ìlù dún, àwọn ọmọ jó, àwọn àlejò jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù. Mo ní ọmọ mọ́kànlá ní kíláàsì karùn-ún mi lọ́dún náà tí kò lè ka "Bàbá ra bàtà". Nígbà tí ọdún yí po, abẹ́ géètì yẹn ni wọ́n gbà jáde, wọn ò sì tíì mọ̀ ọ́n kà. Àwọn àgbà ti sọ ọ̀rọ̀ ọmọ tí a kò kọ́ àti ilé tí a kọ́. Ẹ mọ̀ ọ́n, mi ò ní tún un sọ.

Bí ilé-ìwé yín bá wà létí títì tí mọ́tò ń sáré, tí kò sì ní ọgbà, ẹ kọ́ ọgbà àti géètì. Ẹ̀mí ló ṣáájú. Bí atẹ́gùn bá ti ṣí òrùlé lọ, ẹ kàn án padà. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ gbọ́ bí èmi yóò ṣe ná ₦1,500,000 yẹn.

Mo máa wá ọ̀dọ́ méjì tó ní NCE, ìwé-ẹ̀rí tíṣà, tí kò tíì ríṣẹ́. Wọ́n kún ìlú yìí. Wákàtí kan lójúmọ́ ni wọn yóò fi máa kọ́ àwọn ọmọ tí kò mọ̀wé kà, inú àkókò ilé-ìwé gan-an. Ní ₦20,000 lóṣù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, oṣù mẹ́sàn-án jẹ́ ₦360,000. Mo máa ra ìwé ìtàn Yorùbá tínńtín, àwòrán nínú, ẹ̀dà púpọ̀, kí ọmọ lè mú un lọ sílé láìbẹ̀rù pé yóò ya. Mo máa ra aṣọ ilé-ìwé àti bàtà fún àwọn tí a ti mọ orúkọ wọn. Mo máa fi díẹ̀ pamọ́ fún awò ojú àti oògùn. Ìyókù kò ní kúrò ní báńkì, nítorí ọdún kan kò tó láti fi kọ́ ọmọ tó ti sẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ní ti orúkọ sẹ́tì, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìwé kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ á máa kà á.

Báwo la ṣe máa mọ ohun tó ń ṣe ọmọ kọ̀ọ̀kan?

Ohun mẹ́ta ni mo máa ń gbẹ́kẹ̀ lé, kò sì sí èyí tó gba owó.

Àkọ́kọ́ ni rẹ́jísítà. Ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ ka ọjọ́ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan kò wá ní sáà tó kọjá, ẹ sì wò ó bóyá ọjọ́ kan náà ló ń pa jẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá jẹ́ ọjọ́ ọjà, ẹ ti mọ ibi tó wà.

Èkejì ni ìwé kíkà. Ẹ kọ lẹ́tà sórí páálí kan, ọ̀rọ̀ kéékèèké sórí òmíràn, gbólóhùn mẹ́rin sórí ẹ̀kẹta, ìtàn kúkurú sórí ẹ̀kẹrin. Ẹ pe ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan sábẹ́ igi, kó kà á létí yín. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó fún ọmọ kan. Irú àyẹ̀wò yìí ni ẹgbẹ́ Pratham ní Íńdíà ń lò, wọ́n sì fi ń pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n kà dé, láìka kíláàsì tí wọ́n wà sí. Ọmọ kíláàsì karùn-ún tó ṣì ń bá lẹ́tà jà yóò jókòó pẹ̀lú ti kíláàsì kẹta tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, fún wákàtí kan yẹn péré. Nígbà tó bá lè ka ọ̀rọ̀, ẹ gbé e lọ sí ẹgbẹ́ tó tẹ̀lé e. Ó rọrùn débi pé tíṣà kì í fẹ́ gbà á gbọ́ àfi tó bá ṣe é.

Ẹ̀kẹta ni kí ẹ dé ilé wọn. Lórí èyí, mo ní ohun kan tó ń dun ọkàn mi títí dòní. Ọmọkùnrin kan wà tó máa ń sùn ní kíláàsì mi, mo sì máa ń nà án. Ìgbà tí mo fi dé ilé wọn ni mo mọ̀ pé láti aago mẹ́rin ìdájí ló ti máa ń jí bá ìyá àgbà rẹ̀ yan gaàrí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. A bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀, ó gbà kí ọmọ máa ṣe tirẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ká ní ẹgba ni mo ń bá a lọ ni, owó kankan tí a bá ná lé e lórí ì bá ṣòfò.

Ṣé kí a ra ìwé fún gbogbo wọn?

Ẹ rọra. Ní Kẹ́ńyà, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé bíi Michael Kremer àti Paul Glewwe wádìí ọ̀rọ̀ yìí ní àwọn ilé-ìwé abúlé. Wọ́n fún àwọn kan ní ìwé, wọn ò fún àwọn yòókù, wọ́n sì fi máàkì wọn wé ara. Àwọn ọmọ tó ti mọ̀wé tẹ́lẹ̀ nìkan ló jèrè. Ìwé náà jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, ó ga ju àwọn yòókù lọ. Wọ́n kàn ń wò ó ni. Mo ka ìwádìí yìí, mo rántí páálí ìwé tó wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé tí mo ti ṣiṣẹ́, tí okùn rẹ̀ kò tilẹ̀ já.

Nítorí náà, ìwé tí ọmọ lè kà ni kí ẹ rà, èyí sì túmọ̀ sí ìwé Yorùbá ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé Yorùbá yóò pa Gẹ̀ẹ́sì ọmọ, kó rántí ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tíṣà tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ifẹ̀ níbí yìí ni wọ́n ti ṣe é. Kò yẹ kí a tún máa jiyàn lórí rẹ̀.

Àwọn àgùnbánirọ̀ àti ọmọ LAUTECH fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé wọ́n lè kọ́ wọn?

Wọ́n lè kọ́ wọn, bí ẹ bá kọ́kọ́ kọ́ àwọn fúnra wọn. Ọjọ́ méjì tó. Ẹ fún wọn ní ìwé kan náà, ẹgbẹ́ ọmọ kan náà, ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀. Ẹ má gbé ọmọ tó ṣòro jù lọ fún ẹni tí kò rí tíṣà ṣe rí kí ẹ sì kúrò níbẹ̀. Tíṣà tó dáńtọ́ jù ni kó mú àwọn tó sẹ́yìn jù, kí olùrànlọ́wọ́ dúró ti àwọn yòókù. Ẹ san owó ọkọ̀ wọn. Ẹni tí ẹ kò san owó ọkọ̀ fún kò ní wá nígbà tí òjò bá rọ̀.

Oúnjẹ ńkọ́?

Ebi kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọlé. Ètò oúnjẹ ọ̀sán ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ₦70 fún ọmọ kan lóòjọ́, ó di ₦100 lẹ́yìn náà, kíláàsì kìíní sí ìkẹta nìkan ló sì wà fún. Ó máa ń dúró, ó máa ń lọ. SBMC kò lè bọ́ gbogbo ilé-ìwé, kí a má tan ara wa jẹ. Ohun tí a lè ṣe ni kí a bá ìyá olóúnjẹ kan ṣe àdéhùn lórí ọmọ mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí wọ́n máa lọ gba ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín bí ẹni tó san owó, ká sanwó ní ọjọ́ Fúráídé.

Aràn náà ń bá wọn jẹ nínú oúnjẹ yẹn. Ní àgbègbè Busia ní Kẹ́ńyà, ìwádìí Edward Miguel àti Kremer tó jáde ní 2004 rí i pé oògùn aràn dín àìwá sílé-ìwé kù ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Oògùn náà kò wọ́n rárá, ìjọba sì máa ń pín in láwọn ìgbà kan. Ẹ béèrè ní ilé ìtọ́jú ìlera tó súnmọ́ yín, ẹ béèrè ti àtọ̀sí ajá pẹ̀lú, pàápàá bí àwọn ọmọ yín bá ń wẹ̀ lódò.

Ìgbà kajú, kíláàsì máa ń ṣófo. Kí la lè ṣe?

Láti February títí dé May, ọmọ oko wà nídìí igi kajú. Ẹ má ná owó lórí ìkéde. Ẹ lọ bá àwọn bàbá kí ìgbà náà tó dé, kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ ṣa kajú ní àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́, kó wá ilé-ìwé láàrin méjèèjì. Ní abà kan, a sún wákàtí ìwé kíkà láti òwúrọ̀ sí aago mọ́kànlá, àwọn tó ń pa á jẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá.

Àwọn ọmọbìnrin tó ti ń rí nǹkan oṣù?

Páàdì lọ́wọ́ tíṣà obìnrin kan tí wọ́n fọkàn tán, omi, àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣeé tì látinú. Ìlẹ̀kùn yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ̀ wò.

Ọmọ tí kò ríran dáadáa tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dára, ṣé ti ilé-ìwé wa ni?

Tiwa ni. Ẹ kọ́kọ́ gbé e wá síwájú; èyí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ojú tàbí etí rẹ̀ wò, kí ẹnì kan láti inú ìgbìmọ̀ sì bá òbí lọ, nítorí ọ̀pọ̀ òbí ló ń bẹ̀rù iye tí wọ́n máa pè. UBEC náà ní owó tó wà fún àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà ara. Kí ọ̀gá ilé-ìwé kọ orúkọ wọn ránṣẹ́ sí Akọ̀wé Ẹ̀kọ́ lọ́dọọdún, kó sì mú ẹ̀dà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù padà wálé.

Àwọn aláàánú ń béèrè fọ́tò. Ṣé ká yà á?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má to ọmọ jọ kí ẹ fún wọn ní bàtà níwájú àwọn ẹgbẹ́ wọn, kí ẹ wá gbé e sórí Facebook. Ọmọ tó wà nínú fọ́tò yẹn ń lọ sí ọjà, ó ní àbúrò, ó ní ojú tó ń tì í. Mo mọ ọmọbìnrin kan tó kọ̀ láti wọ bàtà tí wọ́n fún un nítorí pé gbogbo kíláàsì mọ̀ pé bàtà aláàánú ni. Ẹ gbé e fún ìyá rẹ̀ nílé lálẹ́, kó di pé ìyá rẹ̀ ló rà á fún un. Ní ti aláàánú, ẹ ya rìsíìtì, ẹ ya ìwé tó wà lórí tábìlì, ẹ sì fi iye ọmọ tó ti mọ̀wé kà ránṣẹ́ sí i. Mo ti rí i pé iye yìí ń wọ̀ wọ́n lọ́kàn ju fọ́tò lọ.

Báwo ni a kò ṣe ní jẹ́ kí wọ́n kó owó jẹ?

Akáǹtì báńkì, ẹni mẹ́ta tó ń fọwọ́ sí i, kí ọ̀kan jẹ́ ìyá tí kì í ṣe ìbátan ọ̀gá ilé-ìwé. Ẹ kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde sórí páálí ńlá lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, ní èdè Yorùbá, kí ìyá elélùbọ́ lè kà á. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 2011 ni ìjọba ti ń fún ilé-ìwé ní owó lọ́tọ̀ lórí ọmọ aláìní kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ti sọ ọ́ di dandan kí ilé-ìwé kọ bí ó ṣe ná an sórí ìkànnì rẹ̀ kí gbogbo ayé rí i. Páálí wa yẹn náà ni ìkànnì tiwa.

Ẹ kọ ohun kan sí i tí àwọn ènìyàn kì í kọ: ohun tí ẹ rà tí kò ṣiṣẹ́. Bí sáà méjì bá kọjá tí nǹkan kan kò yí padà lára àwọn ọmọ tó wà lórí ìwé yín, ẹ dá a dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀gá kan ló mú àbá náà wá.

₦60,000 péré ló wà lọ́wọ́ wa. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ má tíì ná an. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ yìí ka ìwé pẹ̀lú kíláàsì kẹta àti ìkẹrin lábẹ́ igi, bí mo ṣe wí. Ẹ kọ orúkọ àwọn tí kò lè ka ọ̀rọ̀ sínú ìwé kan, kí ẹ kọ ilé tí wọ́n ń gbé àti ẹni tó ń tọ́jú wọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ lọ sí ilé márùn-ún àkọ́kọ́ ní ọjọ́ Sátidé. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ẹ pe ìgbìmọ̀, ẹ gbé ìwé orúkọ yẹn sáàrin tábìlì, kí ẹ gbé ₦60,000 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.